Ìlẹ̀kẹ̀ Ọyàn Ilé Tafida

Tafida, ìyá Ṣahat, kò lówó, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú kí àwọn obìnrin Gurna, abúlé wa ní ilẹ̀ Íjíbítì, máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan tó wà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nítorí okùn náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbolé kan ní àdúgbò wa tí kò ní ọmọ kan tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ pé, "Eléyìí, Ìyá Ṣahat ló gbà á là."

Àwọn nǹkan kéékèèké aláwọ̀ aró ló wà lórí okùn náà. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kán. Ojú kan wà tí ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn dé ẹ̀gbẹ́ etí tí kò ní. Aràrá onírùngbọ̀n kan wà tó yọ ahọ́n síta, àti erinmi aboyún tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn. Yímíyímí ló kún àárín wọn. Kì í ṣe òkúta ni wọ́n, kì í sì í ṣe amọ̀. Àwọn ará àtijọ́ lọ òkúta funfun kúnná bí èlùbọ́, wọ́n pò ó mọ́ iyọ̀ adágún gbígbẹ àti ìpẹtà bàbà, wọ́n sì sun ún títí ara rẹ̀ fi dán bí awo. Wọ́n fi wọ́n sára àwọn òkú wọn, wọ́n rò pé wọn yóò wúlò fún àwọn òkú náà.

Ìyá ìyá Tafida ló rí wọn, nígbà tí ilé wa ṣì wà lórí òkè, lábẹ́ ilẹ̀ yàrá tó ń so ewúrẹ́ mọ́. Kò sí ilé kan lórí òkè náà tí kò ní òkú lábẹ́. Orí wọn là ń gbé, ara wọn la ti ń rí jẹ. Ẹni tó bá rí nǹkan tà á, ó fi ra àgbàdo tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Obìnrin náà kò ta èyí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ gbogbo ń kú. Ó rẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú omi, ó fi omi náà wẹ̀, èyí tó bí tẹ̀lé e sì yè. Ìyẹn ni ìyá Tafida. Láti ìgbà náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ọyàn ti di ti gbogbo obìnrin, tí ilé wọn kàn ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ, ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹran tútù lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni tó ti ìsìnkú bọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ré odò kọjá. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì wọlé, wọ́n á ní oṣù ojú ọ̀run ti de ìyá ọmọ náà mọ́lẹ̀, omi ọyàn rẹ̀ á sì gbẹ. Nígbà náà ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí Tafida. Yóò rẹ ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo láti Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀, bí ìmáàmù bá ti gun mínbárì láti wáàsù, wọ́n á da omi náà lé obìnrin náà lórí. Kò gba owó rí. Ṣúgà àti tíì ni wọ́n máa ń mú wá fún un, tí wọ́n bá rántí.

Ṣùgbọ́n ìbúra kan wà. Kí ìlẹ̀kẹ̀ náà tó kúrò lọ́wọ́ Tafida, ó gbọ́dọ̀ dúró lójú ọ̀nà ilé ẹni tó fẹ́ lò ó kó sọ pé: "Bí ìyá mi ṣe fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣe fi lé ọ lọ́wọ́. Bí mo bá purọ́, kí ó já lé ọmọ mi." Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi ń sáré lórí rẹ̀, bí ẹni ń kí ènìyàn lọ́nà oko.

Ọkọ Tafida kú sínú ihò kan tó ń gbẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Òkúta ya lé e, àwọn tí wọ́n jọ ń gbẹ́ ẹ sì sá lọ kí ọlọ́pàá má bàa bá wọn níbẹ̀. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, Ṣahat àti Wagida. Ṣahat túmọ̀ sí alágbe. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ojú burúkú lè fojú fo ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Tafida fi búrẹ́dì oòrùn tó ń tà tọ́ wọn. Àárọ̀ kùtù ló máa ń to ìyẹ̀fun pípò sórí àwo amọ̀ lójú oòrùn títí yóò fi wú, yóò sì máa lé adìyẹ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èébú tí àwọn ọkùnrin tó ń kọjá máa ń dúró gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi katakata wó ilé orí òkè, tí wọ́n kó wa sọ̀kalẹ̀ sínú ilé bíríkì tó tò bí eyín òòyà, ìkòkò ìlẹ̀kẹ̀ náà nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Àwọn ẹrù yòókù, ó ní kí ẹni tó bá wù máa kó wọn.

Ṣahat ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé àwọn àlejò lọ wo ibojì àwọn ọba. Lẹ́yìn náà rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Káírò, àwọn àlejò kò wá mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń jẹun lójoojúmọ́. Wagida wà nílé ọkọ. Galab ni ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ni Àlájà Sannuba, obìnrin tó máa ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó sì máa ń fi òsì na ìyàwó ilé. Wagida kò rí ọmọ bí. Ọdún ń gorí ọdún. Sannuba ti bá ọmọbìnrin kan ní abúlé tó wà lápá gúúsù sọ̀rọ̀ láti fi ṣe ìyàwó kejì fún Galab, ó sì máa ń dárúkọ rẹ̀ létí Wagida nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ìrẹsì. Nígbà tí oyún wá dúró sí Wagida lára, Sannuba ní òun yóò dúró wò ó. Bí ọmọ náà bá yè, ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì parí. Bí kò bá yè, kí ẹnikẹ́ni má bẹ òun.

Ìgbà tí oyún náà wà lára Wagida ni Ṣahat ta ìlẹ̀kẹ̀ ọyàn. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àdììtú kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wá láti Káírò tí bàtà rẹ̀ kò ní eruku. Ó ní àwọn olówó òkèèrè kò fẹ́ ère ńlá mọ́, ó wúwo, ó sì ń fa ìbéèrè ní pápákọ̀ òfurufú. Nǹkan kékeré ni wọ́n ń wá, tó pé, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá, tí ìyàwó ilé lè fi sọ́rùn lálẹ́ àlejò kan ṣoṣo. Ṣahat mọ ibi tí irú rẹ̀ wà. Ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà nínú ìkòkò, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Rislan, ó ní kó ṣe ìbejì rẹ̀ fún òun. Rislan, aládùúgbò wa, ló máa ń ṣe ayédèrú nǹkan àtijọ́ fún àwọn àlejò, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Ṣahat dá ìbejì náà padà sínú ìkòkò, ó ta èyí tó jẹ́ ojúlówó, ó sì fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló yá òun lówó. Tafida gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ náà.

Wagida bí ọmọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Nagi, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tó là. Galab ti lọ sí òdìkejì odò lọ ra ẹ̀wà, ó sì ti gba ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kọjá nítorí pé ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá òun pẹ̀lú ojú mímọ́. Ó sáré wọlé pẹ̀lú àgbọ̀n fífá àti ẹrẹ̀ odò lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí dá a dúró. Àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ní ọjọ́ kejì omi ọyàn Wagida dáwọ́ dúró. Ọmọ náà ń fà á, ó ń sunkún, ó tún ń fà á.

Tafida mú ìlẹ̀kẹ̀ wá. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó búra bó ṣe máa ń búra fún gbogbo ènìyàn, nítorí kò yọ ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin. Ní ọ̀sán Jímọ̀ wọ́n da omi náà lé Wagida lórí. Kí àwọn ọkùnrin tó dé láti mọ́ṣáláṣí, omi ọyàn ti ń kán sí i láyà. Nagi mu títí ó fi sùn pẹ̀lú ọmú lẹ́nu. Àlájà Sannuba fúnra rẹ̀ gbé ṣúgà fún Tafida. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ìbejì tí Rislan ṣe nínú ààrò ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n rẹ sínú omi yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Tafida máa ń pààrọ̀ okùn, ní ọjọ́ àjọ̀dún tí gbogbo wa ń jáde lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun, tí wọ́n ń so àlùbọ́sà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kò jáde lọ síbì kankan ní ọjọ́ náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi itọ́ pọ́n ẹnu okùn, ó ń sín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi eyín fa okùn jáde nínú ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ahọ́n rẹ̀ kan nǹkan náà. Ó ní iyọ̀. Ó tọ́ erinmi wò, òun náà ní iyọ̀, bẹ́ẹ̀ omi ọdún púpọ̀ ti fọ iyọ̀ kúrò lára ti àtijọ́. Ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ wo ihò rẹ̀. Okùn ọdún púpọ̀ ti jẹ etí ihò ti àtijọ́ títí ó fi tẹ́. Ihò ti èyí mú.

Ọ̀dọ̀ Rislan ló kọ́kọ́ lọ. Ó bá a níbi tó ti ń fún tolótoló lónjẹ. Ọ̀rá ẹran ni Rislan máa ń fi wé yímíyímí tuntun, á sì tì í sọ́fun tolótoló, kí omi inú ẹyẹ náà lè pa dídán rẹ̀.

Rislan wo ohun tó wà lọ́wọ́ Tafida, kò sì sẹ́. "Tolótoló dúdú yẹn ló gbé ọ̀pọ̀lọ́ rẹ mì, Ìyá Ṣahat. Ó wọlé ní ọmọ jòjòló, ó jáde ní ẹni ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta. Mo kán ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé o, kí ó má bàa yàtọ̀."

Tafida bi í léèrè ta ló ní kó ṣe é.

"Ọmọ rẹ ni. Mo rò pé ìwọ lo rán an. Gbogbo ayé ló ń tà, kí ló kàn mí tí màá fi jẹ́ ẹ̀rí ọkàn fún ọ?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Gbọ́, ìyá. Omi ọyàn Wagida wá àbí kò wá?"

"Ó wá."

"Èmi ni mo ṣe ohun tó mú un wá. Ó dáa, kí wọ́n máa gbé ṣúgà wá fún èmi." Nígbà tí Tafida kò rẹ́rìn-ín, Rislan rẹ ohùn sílẹ̀. "Pa ẹnu rẹ dé. Tún un sín, dá a padà sínú ìkòkò. Kò sí ẹni tó máa tọ́ ọ wò àfi ìwọ."

Ìmọ̀ràn tó dára jù lọ nìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́dún náà, ẹnu ẹni tó ń ṣe ayédèrú ló sì ti jáde.

Tafida kò lè gbà á. Ó ti búra èké lójú ọ̀nà ilé gbogbo obìnrin tó lo ìlẹ̀kẹ̀ náà láti ìgbà tí Ṣahat ti gbé e lọ, ó sì ti fi ọmọ rẹ̀ búra. Ọmọ wo? Kò ro ti Ṣahat rárá. Wagida ló ń rò, àti Nagi tó wà láyà Wagida. Bí ìbúra bá jẹ́ èké, ibẹ̀ ló máa já lé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gba ìbúra náà padà, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ: kí oṣù tuntun tó lé, kó fi ẹsẹ̀ rìn padà lọ sí gbogbo ilé tó ti búra, kó dúró sójú ọ̀nà, kó má wọlé, kó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Bó bá fo ilé kan, kò ṣe nǹkan kan.

Kó tó jáde, ó kọ́kọ́ dúró níwájú kẹ̀kẹ́ Márúwá Ṣahat. Ṣahat ní òun máa gba ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, kò ju kí òun pe ọkùnrin náà lọ. Ó pè é lójú rẹ̀. Nọ́ńbà náà kò lọ. Ó ní, "Màmá, ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kún fún un, kò sì tíì fún ẹnikẹ́ni lọ́mú." Òótọ́ ni Ṣahat sọ. Olè pàápàá máa ń sọ òótọ́ nígbà mìíràn, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Tafida kò bú u. Èébú tó fi ń lé adìyẹ, kò rí ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní kó gbé e kọjá sí òpin òpópónà kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, lẹ́yìn náà ó rántí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí òun fi rìn, ó sì sọ̀kalẹ̀.

A rí i bó ṣe ń lọ láti ojú ọ̀nà dé ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn dúdú rẹ̀. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin tó ń ṣẹ́ àgbàdo, tí ọmọ rẹ̀ ti ń jókòó, bi í léèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló wá mú omi ọyàn òun wá nígbà náà. Tafida ní òun kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó dúró ro ìbéèrè yẹn ni, ó ṣeé ṣe kó padà sílé. Kò dúró. Nínú gbogbo wa tó ń wò ó, àwa tí a kàwé àti àwa tí a kò kà, kò sí ẹni tó jáde di aṣọ rẹ̀ mú. Ó dùn ún wò ni.

Ilé Àlájà Sannuba ló fi ṣe ìkẹyìn. Wagida jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó ń fún Nagi lọ́mú. Sannuba ní kí àna òun wọlé wá mu tíì. Tafida ní òun kò lè wọlé. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ sókè: pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi wẹ Wagida kì í ṣe èyí tí ìyá òun fi lé òun lọ́wọ́, pé ayédèrú ni, pé èké ni òun búra, pé òun gbà á padà.

Sannuba gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ìyá Ṣahat, ẹran tútù ì bá sàn kó o gbé wọlé wá bá wa. Ọmọ rẹ tà ọ́. Ìwọ náà wá ta ọmọ ọmọ mi lójú mi."

"Mo wá gbà á là ni, Àlájà."

"Lọ́wọ́ ta ni? Ó ń jẹun!"

Wagida ti yọ ọmú lẹ́nu ọmọ. Ó fi aṣọ bo àyà rẹ̀, ó sì di aṣọ náà mú bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìhòhò lẹ́bàá odò. Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá," ó ní, "ṣé o ò lè dákẹ́ ni?"

Tafida ní nítorí tirẹ̀ ni òun kò fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó pẹ́ kí Wagida tó tún bá a sọ̀rọ̀.

Omi ọyàn rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ojú irin ní kó sinmi, kó máa mu omi, kó sì máa fi ọmọ sí ọmú léraléra, pé ẹ̀rù ló dá a dúró, pé yóò padà. Sannuba ní ọmú tí wọ́n fi omi èké wẹ̀ kò ní kan ẹnu ọmọ Galab mọ́ láé. Mílíìkì agolo ni wọ́n ń fún un. Nígbà tí agolo wọ́n, wọ́n ń fi omi là á. Inú tánkì orí òrùlé ni wọ́n ti ń bu omi náà, níbi tí oòrùn ti ń sè é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí ẹyẹ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ooru oṣù Agẹmọ, inú Nagi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ojú rẹ̀ wọ inú. Awọ rẹ̀, bí wọ́n bá fà á sókè, kì í padà sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní òdìkejì odò nígbà tí kò lè sunkún mọ́, wọ́n sì gbé e padà wálé nínú aṣọ funfun. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Wọn kò jẹ́ kí Tafida wọlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú ọmọ náà.

Tafida rò pé ìbúra náà ló já lé Nagi. Ó ní òun pẹ́ jù ni, pé ó ṣeé ṣe kí oṣù tuntun ti lé lẹ́yìn òkè kí òun tó dé ilé tó kẹ́yìn. Mo sọ fún un pé kò sí oṣù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, pé omi tánkì ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó sọ̀rọ̀ àìmọ̀kan níwájú òkú. Galab fẹ́ ọmọbìnrin apá gúúsù náà lẹ́yìn ìkórè ìrèké. Wagida ló se oúnjẹ àríyá.

Ní àsìkò òtútù ni mo rí àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ náà lórí fóònù, lójú òpó àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ aláwọ̀ eérú. Wọ́n ti tún un sín ní ọ̀nà tí kò tọ́, wọ́n sì fi wúrà kéékèèké là á láàárín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti inú àkójọ ìdílé àtijọ́ kan ní Yúróòpù jáde, pé ìdílé náà ti ní in kí òfin tó de títà irú rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ náà ti kán láti ayé àwọn ọba. Irọ́ ni. Wagida ló já a lulẹ̀ nígbà tó ń rákò.

Mo fi han Tafida, nítorí pé ó bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó sún fóònù mọ́ ojú.

"Ta ló wọ̀ ọ́?"

Mo ní kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́, pé inú gíláàsì ni wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ sí.

"Kò sí obìnrin tó ń bímọ nílé wọn ni?"

Mo ní wọ́n ń bímọ. Ó dá fóònù mi padà fún mi, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ẹni tó ra ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kò jí nǹkan kan. Ó sanwó, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ń sun oorun rẹ̀. Ṣahat náà ń sùn. Ó ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sílé lójoojúmọ́, ó sì máa ń dúró níwájú ilé ìyá rẹ̀ láti béèrè bóyá ó fẹ́ nǹkan láti ọjà. Tafida máa ń ní òun kò fẹ́ nǹkan kan. Àwọn obìnrin tí omi ọyàn wọn bá gbẹ báyìí, abúlé mìíràn ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní òun ní ìlẹ̀kẹ̀ ọyàn. Mo ti rí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Rislan ló ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Wagida tún lóyún lẹ́yìn náà. Galab ṣì máa ń wọ yàrá rẹ̀ bí ó bá bá ìyàwó kékeré jà. Wagida bí ọmọbìnrin lọ́dún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ìyàwó kékeré ti bí ọmọkùnrin kó tó bí tirẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti ti Tafida. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú Tafida nínú àgbàlá Tafida ní ọ̀sán Jímọ̀ kan nígbà tí Wagida wọlé, pẹ̀lú ọmọ nínú ìborùn. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ ààrò, ọmọ náà sì ń sunkún ẹkún tín-ín-rín tí ìyá mi ní òun mọ̀ kí òun tó wo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, sọ fún mi pé wọ́n ti dá ìlẹ̀kẹ̀ náà padà."

Tafida da ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣahat ní kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Ṣahat kọ́ ni mo wá bá. Ìwọ sọ ọ́ fún mi, màá gbà ọ́ gbọ́. Ìwọ kì í purọ́."

Ìyá mi sọ pé Tafida wọlé, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ó gbé àwo omi jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ Rislan nínú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti dá a padà." Ó sọ ọ́ sí àwo náà, kò sọ ọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ara rẹ̀ ró bí ẹni tó fẹ́ sọ ìyókù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí.

"Má búra," Wagida ní. "Màmá, jọ̀ọ́, má búra. Da omi náà."

Ó bọ́ ìborùn rẹ̀. Ìmáàmù ti ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́ṣáláṣí. Tafida da omi náà lé ọmọ rẹ̀ lórí, ìdajì rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Wagida fi ọmọ sí ọmú. Ọmọ náà fà á, ó dákẹ́, ó tún fà á. Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́tí láti gbọ́ kó gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn náà ó tú ọmú sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Tafida ní kó fi sí i padà. Wagida fi sí i padà.